Láti orí bẹ́ẹ̀dì dé tọ́ílẹ́ẹ̀tì: bí mo ṣe tú ilé wa tún rán fún ọjọ́ ogbó

Téèpù kì í kúrò lọ́rùn mi. Ọdún 45 ni mo fi ránṣọ. Mólété ni mo ti kọ́ṣẹ́, Odò-Ọnà Ẹlẹ́wẹ̀ ni mo ń gbé báyìí, nínú petẹ́ẹ̀sì tí èmi àti ọkọ mi, Bàbá Ìbejì, kọ́ tán ní 1986. Mo ti pé ọmọ ọdún 72, Bàbá Ìbejì sì fi ọdún mẹ́fà jù mí lọ. Èmi kì í ṣe bíríkìlà, ṣùgbọ́n mo mọ bí a ṣe ń wọn nǹkan kó lè bá ara ẹni mu. Lójú tèmi, aṣọ ni ilé. Èyí tí a dá nígbà tí eékún ṣì ń tẹ̀ dáadáa, tí ojú ṣì ń ríran lókùnkùn, tó bá yá, á há wa níbì kan, á sì gùn jù wá lọ níbòmíràn. A kì í torí ìyẹn sọ ọ́ nù. A ó tú u, a ó tún un rán.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ilé wa ṣe rí. Nígbà tí odò Ògùnpa ya wọ ìgboro Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ, 1980, ayálégbé ni wá ní Mólété. Ohun tí ojú wa rí lọ́jọ́ náà pọ̀. Bàbá Ìbejì búra pé ilé tí òun bá fọwọ́ òun kọ́, omi ò ní wọ̀ ọ́. Nígbà tí a wá rí ilẹ̀ rà, ó gbé ìpìlẹ̀ ga débi pé àtẹ̀gùn márùn-ún lẹ máa gùn kí ẹ tó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn àbáwọlé. Àwọn aládùúgbò ń fi wá ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n ní ilé ẹyẹlé la kọ́. Ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ, 2011, omi tún ya ìlú Ìbàdàn, ẹ̀mí tó lé ní ọgọ́rùn-ún bá a lọ. Àtẹ̀gùn kẹta ni omi dé ní ilé wa tó fi padà. Ẹnikẹ́ni ò pè wá ní ẹyẹlé mọ́. Àmọ́ àtẹ̀gùn tó gbà wá lọ́wọ́ omi yẹn náà ni eékún wa wá ń bá jà báyìí. Yàtọ̀ sí márùn-ún ti ìta, òmíràn 16 tún wà nínú ilé, nítorí òkè là ń gbé, ayálégbé ló wà nísàlẹ̀.

Ohun tó mú mi dìde ni ìṣubú kan. Lóru ọjọ́ kan, ní nǹkan bí aago mẹ́ta, Bàbá Ìbejì dìde láti lọ tọ̀. NEPA ti mú iná lọ. Wáyà fáànù tó nà gbọọrọ sílẹ̀ kọ́ ọ lẹ́sẹ̀, ó sáré di ilẹ̀kùn tọ́ílẹ́ẹ̀tì mú, ilẹ̀kùn ṣí wọ inú, òun náà bá a wọlé, ó sì ṣubú dí ilẹ̀kùn. Mo ń tì í láti ìta, kò ṣí. Ara ọkọ mi gan-an ló dí ilẹ̀kùn mọ́ mi. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó lè fìdí wọ́ sẹ́yìn kí n lè ráàyè fẹ̀gbẹ́ wọlé. Ọlọ́run bá wa ṣé, ọrùn ọwọ́ ló wú, egungun kankan ò ṣẹ́. Mi ò sùn mọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ilẹ̀kùn yẹn ni mò ń wò.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti pálọ̀

Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ tún ilé ṣe ní Ìbàdàn, pálọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ sáré lọ, nítorí àlejò. Wọ́n á pààrọ̀ kọ́tìnì, wọ́n á fi POP sí àjà. Àlejò ò ní bá yín dìde lóru. Ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀nà tí ẹ ń gbà láti orí bẹ́ẹ̀dì dé tọ́ílẹ́ẹ̀tì.

Bí èmi ṣe ṣe é rèé. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, mo pa gbogbo iná, mo ní kí Bàbá Ìbejì dìde bó ṣe máa ń dìde, kó máa lọ. Mo tẹ̀ lé e pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti ṣọ́ọ̀kì aránṣọ mi. Ibikíbi tó bá ti fọwọ́ di nǹkan mú, mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀. Mo ka ìṣísẹ̀ rẹ̀: 23. Mo ka àmì: mẹ́sàn-án. Ó fọwọ́ ti kọ́bọ́ọ̀dù, ó di ẹ̀yìn àga mú, ó fọwọ́ wọ́ ara ògiri, ó gbá kọ́tìnì mú. Ẹ gbọ́ o, kọ́tìnì! Ìyẹn ni pé ìgbà mẹ́sàn-án ni ara rẹ̀ ń wá ohun tó máa dì mú lójú ọ̀nà kékeré yẹn, òun fúnra rẹ̀ ò sì mọ̀. Nígbà tí mo fi hàn án láàárọ̀, ó ní irọ́ ni, èmi ni mo fín ilé pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì.

Àwọn àmì yẹn ló yẹ kí ẹ fi pe oníṣẹ́. Ibi tí ọwọ́ bá ti wá nǹkan dì mú lókùnkùn ni irin ìdìmú gbọ́dọ̀ wà, kì í ṣe ibi tí wẹ́dà rò pé ó dára lójú. Ẹ ṣe é fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó ń gbé ilé, nítorí ọwọ́ tèmi àti ti Bàbá Ìbejì ò wá ibì kan náà. Mo kúrú sí i.

Ohun tí ò náni ní kọ́bọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Ẹ ká wáyà kúrò nílẹ̀. Ẹ gbé àga tó bá wà lójú ọ̀nà kúrò. Sílípáàsì tó ti jẹ lẹ́yìn, ẹ dà á nù, ẹ ra èyí tó ní ẹ̀yìn tó dì mọ́ gìgísẹ̀. Kí ẹ tó dìde, ẹ jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì títí ojú á fi wálẹ̀, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Béèyàn bá dìde lójijì, òòyì lè kọ́ ọ, kó tó gbé ẹsẹ̀ kejì ó ti wà nílẹ̀.

Gíga bẹ́ẹ̀dì àti àga

Ẹ jókòó sórí àga líle kan, kí àtẹ́lẹsẹ̀ yín ó tẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ. Ẹ wọ̀n láti ilẹ̀ dé kòtò ẹ̀yìn eékún. Tèmi jẹ́ íǹṣì 17, ti Bàbá Ìbejì jẹ́ 19. Iye yẹn, tàbí kó fi íǹṣì kan lé, ni ó yẹ kí bẹ́ẹ̀dì àti àga yín ga lẹ́yìn tí ẹ bá ti jókòó tí fóòmù ti lọ sílẹ̀.

Ọmọ wa tó wà ní Jámánì ló fi owó fóòmù oníṣì 14 ránṣẹ́ fún ọjọ́ ìbí bàbá rẹ̀. Fóòmù tó dára gan-an ni. A gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì, gíga rẹ̀ di íǹṣì 27. Alẹ́ ọjọ́ tí a gbé e dé, ẹsẹ̀ méjèèjì Bàbá Ìbejì ń mì lókè bí ọmọdé tó gun ìgànná. Fífò ló ń fò bọ́ sílẹ̀. Mi ò lè dá fóòmù padà, ọmọ á bínú, nítorí náà ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ni mo ní kí káfíńtà gé. Àga pálọ̀ wa ní tirẹ̀, ó rẹlẹ̀ jù, ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ àfi kí wọ́n fà á dìde. Mo lọ sí ọjà pákó ní Bódìjà, mo ra ègé pákó líle mẹ́jọ tó nípọn íǹṣì mẹ́rin, káfíńtà gbẹ́ ihò sí àárín wọn kí ẹsẹ̀ àga lè rì sínú rẹ̀. Kò gbọdọ̀ kàn jókòó lé e lórí o. Bí kò bá ní ihò, àga á yọ̀ kúrò lórí rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Àpótí ìdáná náà ńkọ́? Ẹ̀yin ìyá, ẹ gbà mí gbọ́, àpótí oníṣì mẹ́jọ yẹn ló ń ba eékún wa jẹ́. Mo ní kí wọ́n kan tuntun fún mi, íǹṣì 16, pẹ̀lú ọwọ́ ìdìmú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Orí rẹ̀ ni mo ń jókòó ṣa ẹ̀fọ́ báyìí.

Òkè àbí ìsàlẹ̀

Ibi tí ìjà ti wà nìyí. Mo ní ká sọ̀kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀, kí ayálégbé gun òkè. Bàbá Ìbejì ní láéláé.

“Ìyá Ìbejì, onílé ló ń gbé òkè. Ṣé kí ayálégbé máa wá rìn lórí mi ni?”

Mo ní, “Ẹ̀ẹ̀mélòó lẹ sọ̀kalẹ̀ lánàá?”

“Ẹ̀ẹ̀kan.”

“Ẹ̀ẹ̀mélòó lẹ rán èmi nísàlẹ̀?”

Kò fèsì. Ó gbé rédíò sétí.

Ẹnu mi kọ́ ló yí i lọ́kàn padà. Ayò ni. Ọdún pípẹ́ ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń wá ta ayò ní báńkónì wa lókè. Nígbà tó yá, wọn ò wá mọ́. Ó rò pé wọ́n bínú sí òun. Ọjọ́ tó lọ béèrè ló rí gbogbo wọn lábẹ́ igi máńgòrò ẹnì kan nínú wọn, wọ́n ń ta. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún un gbangba pé, “Alàgbà, ilé yín ti ga ju eékún wa lọ.” Ó délé, kò sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kejì ó ní, “Lọ bá tíṣà sọ̀rọ̀.”

Tíṣà ni ayálégbé wa. Ẹ fara balẹ̀ níbí yìí, nítorí ọ̀pọ̀ onílé ló ń fi ìbínú ba nǹkan jẹ́. Bí mo ṣe dẹ́nu lé e pé a fẹ́ gba ìsàlẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà, ó rò pé a fẹ́ lé òun jáde ni. Mo ní, “Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gun òkè ni, a ò lé yín. Owó ilé ò yí padà. Èmi ni máa kun òkè, máa sì san owó àwọn tó máa kó ẹrù yín.” Mo fún un ní oṣù mẹ́fà, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé, àwa méjèèjì fọwọ́ sí i. Kò lò ju oṣù méjì lọ, nítorí ìyàwó rẹ̀ fẹ́ràn afẹ́fẹ́ òkè. Bí ayálégbé yín ò bá gbà, ẹ má fi tipátipá ṣe é. Ẹ dúró kí ọdún rẹ̀ pé, ẹ sì fún un ní ìwé tó yẹ kó gbà.

Àwọn ọmọ ní ká kúkú ta ilé náà, ká wá bá àwọn ní Èkó. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Balùwẹ̀: ibi tí owó yẹ kó lọ

Bí ẹ bá ní owó fún ibì kan ṣoṣo, ẹ ná an síbí yìí. Mo ṣàṣìṣe níbẹ̀, nítorí náà máa rọra sọ ọ́.

Ilẹ̀kùn ni ká kọ́kọ́ mú. Ilẹ̀kùn balùwẹ̀ àgbà gbọ́dọ̀ ṣí sí ìta. Mo ti sọ ìdí rẹ̀ fún yín. Káfíńtà tú hínjìsì, ó yí i padà láàárín wákàtí méjì. Ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò lára rẹ̀, ẹ fi ìkọ́ kékeré sí i, irú èyí tí èèyàn lè ti ìta fi ọ̀bẹ gbé sókè. Bí ẹ bá tún ń tún ògiri ṣe, ẹ jẹ́ kí ẹnu ọ̀nà fẹ̀. Tiwa jẹ́ íǹṣì 28 tẹ́lẹ̀. Kẹ̀kẹ́ aláìsàn nílò nǹkan bí íǹṣì 32 tó ṣófo pátápátá, nítorí náà férémù íǹṣì 36 ni mo ní kí wọ́n fi síbẹ̀. A ò lo kẹ̀kẹ́ o, a ò sì gbàdúrà fún un, ṣùgbọ́n èmi kì í dá aṣọ láì fi àlékún sílẹ̀ létí.

Ilẹ̀ balùwẹ̀: táìsì tó ń dán bí dígí ni wọ́n lẹ̀ mọ́lẹ̀ fún wa ní nǹkan bí ọdún 15 sẹ́yìn, ìgbà yẹn ni ó wà lásìkò. Bí ọṣẹ dúdú bá kán sí i, bí ẹni tẹ ilá ni. Mo ní kí wọ́n tú u, kí wọ́n fi èyí tí ara rẹ̀ ò dán rọ́pò. Bí owó ò bá tó, ẹ jẹ́ kí wọ́n tú táìsì kúrò kí wọ́n kan fi sìmẹ́ńtì lásán rẹ́ ẹ, kí wọ́n fi ìgbálẹ̀ fa ìlà sí i kó tó gbẹ. Kò lẹ́wà, ṣùgbọ́n kò yọ̀. Ẹ sọ fún bíríkìlà kó yọ ìdènà omi tó wà lẹ́nu ọ̀nà, odi kékeré oníṣì mẹ́rin yẹn, kó sì jẹ́ kí ilẹ̀ ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ díẹ̀ sí ìhà ihò omi. Mélòó nínú wa ni odi kékeré yẹn ò tíì gbé ṣubú rí?

Ọ̀rọ̀ ìjókòó tọ́ílẹ́ẹ̀tì ni mo ti jìyà. Ìjókòó wa ga tó íǹṣì 15, mo fẹ́ kó di 18. Mo sọ fún bíríkìlà pé kó gbé e sókè pẹ̀lú íǹṣì mẹ́ta. Mi ò dúró tì í, mo lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́. Nígbà tí mo dé, ó ti fi kọnkéré ṣe pèpéle gbàgbàrà kan káàkiri ibẹ̀, ó gbé tọ́ílẹ́ẹ̀tì lé e lórí. Ó ga lóòótọ́, ṣùgbọ́n àfi kí ẹ gun pèpéle kí ẹ tó jókòó. Bí ẹ bá jókòó, ẹsẹ̀ yín ṣì wà lórí pèpéle kan náà, nítorí náà íǹṣì 15 náà ni. Ohun tó fi kún un ò ju àtẹ̀gùn tuntun lọ, nínú balùwẹ̀, níbi tí omi wà. Ó ń yangàn pé ó dà bí ìtẹ́ ọba. Mo sanwó ìtúpalẹ̀, mo sì sanwó àtúnṣe. Ẹ fi èyí sọ́kàn: ìpìlẹ̀ tí wọ́n á fi gbé e sókè ò gbọdọ̀ fẹ̀ ju ìdí tọ́ílẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ lọ, kí ẹsẹ̀ yín lè wà ní ilẹ̀ gidi. Púlọ́mbà á fa páìpù sókè ní íǹṣì mẹ́ta kan náà, kí omi má baà máa jò nídìí.

Irin ìdìmú, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìṣó àti rọ́bà inú ògiri tàn yín. Bọ́lọ́ọ̀kù tí a fi ń kọ́lé ní ihò nínú. Ìṣó á wọ inú ihò yẹn, á dúró dáadáa títí di ọjọ́ tí ẹ bá gbé gbogbo ara lé e, á sì fà tu. Bí wẹ́dà ṣe ń ri irin fèrèsé ni kó ṣe ri èyí náà: kó jó ẹsẹ̀ mọ́ irin, kí bíríkìlà gbẹ́ ògiri dé inú ihò bọ́lọ́ọ̀kù, kí wọ́n fi kọnkéré kún un, kí ẹsẹ̀ irin rì sínú rẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kàn án fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí bíríkìlà fúnra rẹ̀ rọ̀ mọ́ ọn. Tiwa rọ̀ mọ́ ọn, ó ń rẹ́rìn-ín. Páìpù irin tí kì í tètè dípẹtà, tó nípọn tó íǹṣì kan àti ààbọ̀, ni mo lò, ọwọ́ dì í yí ká dáadáa. Gíga rẹ̀ láti ilẹ̀ wà láàárín íǹṣì 33 sí 36, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tọ́ílẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan níbi tí a ti ń wẹ̀, ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ kùn ún ní àwọ̀ tó yàtọ̀ sí ògiri. Tiwa pupa.

Ẹ jókòó wẹ̀. Àga rọ́bà tó ní apá ló dára, kì í ṣe èyí tí ò ní apá. Ẹ gbé bókẹ́ẹ̀tì sórí àpótí kí ẹ má baà máa bẹ̀rẹ̀ bu omi, kí ẹ sì má kún un ju ìdajì lọ. Mo fi aṣọ rán àpò kékeré kan tí mo so mọ́ irin, inú rẹ̀ ni kànìnkànìn àti ọṣẹ ń gbé. Ọṣẹ tó bá bọ́ sílẹ̀ kì í ṣe tiwa mọ́ títí ọmọ fi máa dé.

Àtẹ̀gùn ìta

Bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ti sọ̀kalẹ̀, márùn-ún ti ìta ṣì wà níbẹ̀. Mo fẹ́ ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bíríkìlà àkọ́kọ́ tó wá wò ó ní fíìtì mẹ́sàn-án ti tó. Mo ní kó dúró ná, kí n wò ó.

Ìwọ̀n rẹ̀ rọrùn: íǹṣì kan tí ilé bá ga, fíìtì kan ni ọ̀nà náà gbọ́dọ̀ gùn. Àtẹ̀gùn wa márùn-ún, íǹṣì méje méje, jẹ́ íǹṣì 35. Nítorí náà fíìtì 35 la nílò. Fíìtì mẹ́sàn-án tí bíríkìlà ń sọ, ibi tí wọ́n ń ti mọ́tò gùn ni, kì í ṣe ibi tí arúgbó ń rìn. Lójò, bí ẹ bá dé àárín rẹ̀, ẹ ó kàn rí ara yín ní géètì ni.

Ibo la ti fẹ́ rí fíìtì 35 lórí ilẹ̀ tó jẹ́ fíìtì 50 ní ìbú, 100 ní gígùn? Láti ẹnu ọ̀nà dé géètì ò ju 20 lọ. A bá jẹ́ kó yí: ó gba iwájú ilé lọ fún fíìtì 18, ó dé pèpéle tó tẹ́jú tó jẹ́ fíìtì márùn-ún, ó wá yà gba ẹ̀gbẹ́ ilé fún 17 tó kù. Bàbá Ìbejì máa ń sinmi lórí pèpéle yẹn, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ti sọ ibẹ̀ di ibi ayò. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ fíìtì mẹ́ta àti ààbọ̀, etí rẹ̀ ní odi kékeré kí ọ̀pá má baà yọ̀ bọ́ sílẹ̀, irin ìdìmú wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ìgbálẹ̀ ni wọ́n fi fa ìlà sí i lórí, ìlà náà dábùú ọ̀nà ni o, kò tẹ̀ lé e. A fi páìpù ńlá sí abẹ́ rẹ̀ kó má dí gọ́tà. Ẹni tó bá rí 2011 ò ní dí gọ́tà.

Ní àsìkò òjò, nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ máa ń hù sí i lára. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì la ń fi búrọ́ọ̀ṣì líle àti omi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Àtẹ̀gùn náà ṣì wà fún ẹni tó bá lágbára, mo kan kun etí ìkọ̀ọ̀kan ní ọ̀dà yẹ́lò kí ojú lè rí ibi tó parí sí.

Iná àti kọ́kọ́rọ́

Ojú àgbà nílò iná tó pọ̀ ju ti ọ̀dọ́ lọ. Gilọ́bù tó ní bátìrì nínú ni mo fi sí ojú ọ̀nà tọ́ílẹ́ẹ̀tì, NEPA mú iná lọ o, kò mú un lọ o, ó ń tàn. Tọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo so wọ́n mọ́ okùn kí wọ́n má baà yí lọ sábẹ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kì í rò ni géètì irin. A máa ń ti ara wa mọ́lé lálẹ́ pẹ̀lú àgádágodo mẹ́ta nítorí olè, bí iná bá wá ṣẹ́ yọ ńkọ́, bí ara ò bá yá ńkọ́? Kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilẹ̀kùn wa wà lórí ìkọ́ kan, ibi tí ọwọ́ lè tó láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ìdìpọ̀ kejì wà lọ́wọ́ tíṣà lókè. Òun náà fún mi ní agogo ilé ìwé kan, irú èyí tí wọ́n fi ń pe ọmọ wọ kíláàsì. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí. Bí mo bá gbọn ọ́n lóru, á gbọ́.

Yàrá tó ṣẹ́kù

Ìsàlẹ̀ ní yàrá mẹ́rin. A ń lo ọ̀kan, ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà nínú ọ̀kan. Ẹ̀kẹta jẹ́ ti àwọn ọmọ nígbà ọdún. Ẹ̀kẹrin ni mo fún ọmọbìnrin kan láti ìjọ wa tó ń kàwé ní Poly. Ìdajì owó ilé ló ń san, nítorí pé ó ń fa omi kànga fún wa láàárọ̀, ó sì ń sùn sílé lálẹ́. A kọ èyí náà sínú ìwé. Ohun tí ẹ bá fi ẹnu lásán ṣe pẹ̀lú ọmọ ọlọ́mọ, ìjà ni yóò dà.

Kíṣìnì ò le. Ìkòkò tí ẹ ń lò lójoojúmọ́, ẹ gbé e sáàárín ìbàdí sí èjìká. Èyí tí ẹ ń lò nígbà ìnáwó, ẹ gbé e sókè tàbí kí ẹ yá ẹgbẹ́ yín. Ẹ má gun àpótí mú nǹkan mọ́.

Ẹ sì jẹ́ kí wọ́n yẹ ara yín fúnra rẹ̀ wò. Ní ilé ìwòsàn UCH, ibùdó ìtọ́jú àwọn àgbà kan wà tí wọ́n ṣí ní 2012. Ibẹ̀ ni wọ́n ti wo ojú àti eékún Bàbá Ìbejì. Ọ̀pá tó ń tì tẹ́lẹ̀ ti gùn jù, íǹṣì méjì ni wọ́n ní ká gé kúrò nínú rẹ̀. Gbogbo ohun tí mo ti wọ̀n nílé, mi ò wọn ọ̀pá.

Ohun kan ṣoṣo tí mi ò tíì borí ni rọ́ọ̀gì pálọ̀. Ẹ̀gbọ́n Bàbá Ìbejì ló mú un bọ̀ láti Mẹ́kà, igun rẹ̀ ti ká sókè, ẹsẹ̀ ń kọ́ ọ. Ìgbà mẹ́rin ni mo ti ká a gbé sínú yàrá, ìgbà mẹ́rin ni Bàbá Ìbejì ti tẹ́ ẹ padà. Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ kan tó lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, mo gé rọ́bà inú táyà tó ti gbó sí ọ̀nà mẹ́rin, mo fi abẹ́rẹ́ ńlá gán an mọ́ abẹ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo sì tẹ́ rọ́ọ̀gì náà padà. Kò ká sókè mọ́, kò sì yọ̀ nílẹ̀. Ó ti tó ọdún kan. Kò tíì gbé e sókè wò.